Bí Ọwọ́ Ọ̀kadà Bá Ń Gbọ̀n Lórí Eré, Ẹ Wo Báláǹsì Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Ra Táyà Mìíràn

Láti Àrẹ̀mọ títí dé Beere, Ọjà'ba àti Mápó nílùú Ìbàdàn, àwọn tó ń fi ọ̀kadà ṣòwò mọ̀ pé táyà wà lára ohun tó ń jẹ owó wọn. Yálà èèyàn ń gùn ún fúnra rẹ̀ ni o, tàbí ó gbé e fún ẹlòmíì tó ń jíṣẹ́ owó fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìyà táyà tó tètè jẹ kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Michelin ti ilé iṣẹ́ táyà rẹ̀ pa ní Port Harcourt lọ́dún 2007, Dunlop náà sì dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró n'Íkẹjà lọ́dún 2008. Ọjà òkèèrè ni wọ́n wá ń tà káàkiri, bí náírà bá sì já wálẹ̀, owó táyà á gbẹ́nu sókè.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí ni báláǹsì, ìyẹn ni pé kí ẹsẹ̀ ọ̀kadà má wúwo níbì kan ju ibòmíì lọ. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kadà tó ń lo rẹ́ẹ̀mù 17, irú bíi Bajaj Boxer. Tó bá ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí tó ìgbà mẹ́sàn-án ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí rẹ́ẹ̀mù náà bá fi gíráàmù 20 péré wúwo lápá kan, ńṣe ni yóò máa fà bíi pé ẹrù kìlógíráàmù kan ààbọ̀ ló so mọ́ ọn. Bí eré bá dín sí 30, fífà náà yóò dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdí nìyí tí ọwọ́ ọ̀kadà kì í fi í gbọ̀n nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, àfi tó bá bọ́ sójú títì gbalasa. Gbígbọ̀n yìí ló ń jẹ́ kí táyà jẹ lójú kan, tó sì ń ba bíárìn jẹ́.

Èèyàn lè ṣe é nílé. Kọ́kọ́ fẹ́ táyà dáadáa, wò ó bóyá ó jókòó dọ́gba yíká rẹ́ẹ̀mù, kó o sì fún sípóòkì tó bá dẹ̀. Yọ ẹsẹ̀ náà, kó o gbé irin tó gba àárín rẹ̀ kọjá lé orí àpótí méjì tí gíga wọn dọ́gba. Rọra yí i, kó o sì jẹ́ kó dúró fúnra rẹ̀. Ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá jẹ́ pé ibì kan náà ló ń wá sísàlẹ̀ nígbà gbogbo, ibẹ̀ ló wúwo.

Fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí òkè tó kọjú sí i, kó o fi téépù lẹ òjé díẹ̀ mọ́ ọn níbẹ̀. Wá yí àmì náà wá sí ẹ̀gbẹ́, kó o sì fi í sílẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ tó ní òjé bá lọ sókè, fi kún un. Bó bá wálẹ̀, yọ díẹ̀ kúrò. Nígbà tí ẹsẹ̀ náà bá dúró síbi yòówù tó o bá fi í sí, iṣẹ́ parí. Wá fi púláyà lọ́ òjé náà mọ́ sípóòkì, kó súnmọ́ rẹ́ẹ̀mù, kó má sì kan bíréèkì.

Ti ẹ̀yìn kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yọ ṣéènì, nítorí kò ní jẹ́ kó yí dáadáa.

Ẹ rántí pé báláǹsì kò lè tún rẹ́ẹ̀mù tó ti wọ́ ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò lè wo bíárìn tó ti ń mì sàn. Bí ẹsẹ̀ bá ń jó lọ jó bọ̀ nígbà tó ń yí, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ló yẹ kó lọ. Ẹ tún un yẹ̀ wò nígbàkígbà tí fọkanáísà bá pààrọ̀ táyà, nítorí táyà tuntun kì í wúwo bákan náà yípo. Òjé bíńtín ni yóò ná yín, ó sì lè jẹ́ kí táyà pẹ́ lẹ́sẹ̀ ọ̀kadà, kí èrò sì dé ibi tó ń lọ láyọ̀.