“Níbo Lẹ Wà?”: Ohùn Tí Ń Dáhùn Nígbà Tí A Bá Ké Gbà-mí

Àwọn àgbà ní gbà-mí-gbà-mí kò yẹ àgbà, ẹran-ń-lé-mi-bọ̀ kò yẹ ọdẹ. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan lọ́dún tó kọjá, ní àdúgbò wa ní Dọ̀pẹmú, tàgbà tọmọdé ni ó ń ké gbà-mí. Jẹnẹrétọ̀ tó wà ní ẹ̀yìnkùlé wa ni ó gbiná. Kí a tó mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, iná ti ń lá ògiri ilé ìdáná. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n rìrì bí mo ti ń tẹ 112 lórí fóònù mi.

Obìnrin kan gbé ìpè náà. Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé, “Níbo lẹ wà?”

“Dọ̀pẹmú!” ni mo fi igbe dáhùn.

“Dọ̀pẹmú tóbi, àǹtí mi. Níbo ní Dọ̀pẹmú?”

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọwọ́ ni mo ti ń gbé àdúgbò náà, síbẹ̀ èsì tí ó jáde lẹ́nu mi ni pé, “Ẹ̀yìn ilé Màmá Ṣẹ̀gun ni!” Àfi bí ẹni pé gbogbo Èkó ni ó mọ Màmá Ṣẹ̀gun. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì jágbe mọ́ mi. Ó bi mí bóyá ọwọ́ ọ̀tún ni ènìyàn yóò yà tàbí ọwọ́ òsì bí ó bá sọ̀kalẹ̀ lábẹ́ afárá. Ó béèrè ilé ìjọsìn tó súnmọ́ wa, ó sì béèrè orúkọ òpópónà. Nígbà tí ibẹ̀ dá a lójú tán, ó tún bi mí pé, “Kí ni ó ń jó?” Mo ní jẹnẹrétọ̀ ni. “Ṣé bẹntiróò wà nínú rẹ̀? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da omi sí i o. Ẹ kó àwọn ọmọdé jáde. Bí yanrìn bá wà nítòsí, òun ni kí ẹ dà lé e, ṣùgbọ́n ẹ má súnmọ́ ọn jù.”

Mo gbójú sókè. Ọmọ onílé ti gbé korobá omi, ó ń sáré bọ̀. Igbe tí mo ké mọ́ ọn ni ó dá a dúró. Bẹntiróò fúyẹ́ ju omi lọ. Bí a bá da omi lé e, orí omi ni yóò léfòó sí, yóò sì máa gbé iná kiri dé ibi tí iná kò dé tẹ́lẹ̀. N kò mọ èyí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tí kò rí wa, tí kò sì mọ̀ wá rí, ni ó bá wa mọ̀ ọ́n. Yanrìn tí bíríkìlà kó sí iwájú ilé ni a fi pa iná náà. Nígbà tí ọkọ̀ panápaná dé, èéfín ni wọ́n bá.

Alẹ́ tí a kò rí ẹni bi léèrè

Nígbà tí mo ròyìn ọ̀rọ̀ yìí fún màmá mi, mo rò pé yóò bá mi yọ̀. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Ìwọ rí ẹni bi ọ́ ní ibi tí o wà. Èmi kò rí.” Mo mọ alẹ́ tí ó ń sọ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2002 ni. Iná ràn dé ibi tí àwọn ọmọ ogun ń kó ohun ìjà pamọ́ sí nínú bárékè Ìkẹjà, àdó olóró sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù-gbàmù títí ilẹ̀ fi ṣú. Dọ̀pẹmú kò jìnnà síbẹ̀. Fèrèsé ń fọ́, ilẹ̀ ń mì, ojú ọ̀run pọ́n. Àwọn kan ní ogun ti dé, àwọn kan ní àwọn sọ́jà fẹ́ gbàjọba, àwọn kan ní òpin ayé ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà náà. Màmá mi pọ̀n mí, ó bá èrò sáré gba ọ̀nà Ìyànà-Ìpájà. Kì í ṣe pé ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni ó sàn. Ibi tí èrò kọjú sí ni òun náà kọjú sí.

Èrò mìíràn kọjú sí Òkè-Àfá, lọ́nà Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò. Kànáàlì kan wà níbẹ̀ tí koríko ojú omi ti bò, òkùnkùn sì ti kùn. Àwọn tí ó wà níwájú ń kó sínú omi, àwọn tí ó wà lẹ́yìn kò mọ̀, wọ́n ń tì wọ́n lọ. Àwọn tí ó kú nínú ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ náà lé ní 1,000. Ọ̀pọ̀ wọn ni àdó olóró kò kàn rárá: omi ni ó gbé wọn lọ, tọmọdé tìyá.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Ọ̀rọ̀ mélòó ni ìbá ti gba ọ̀pọ̀ nínú wọn là? “Bárékè ni ó ń jó. Kì í ṣe ogun. Ẹ má gba Òkè-Àfá.” Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí àwọn tí ń sá lè pè, kò sì sí ohùn tí ó pè wọ́n. Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Nàìjíríà, ìwọ̀nba àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn ni ó sì ní in.

Ẹni tó jókòó ti fóònù ní bárékè

Bọ̀dá kan tí wọ́n bí ní òpópónà kejì sí tiwa ti di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà báyìí, iṣẹ́ gbígba ìpè pàjáwìrì ni ó sì ń ṣe ní bárékè kan níbẹ̀. Kì í ṣe sọ́jà. Aráàlú tí ìjọba gbà síṣẹ́ ni. Mo pè é lórí WhatsApp.

Ó ní bárékè ńlá dà bí ìlú. Àwọn ìyàwó àti ọmọ wà níbẹ̀, ilé ìwé àti ilé ìtajà wà níbẹ̀. Nítorí náà, èyí tó pọ̀ jù nínú ìpè tí òun ń gbà kò kan ogun: àyà ń dun ẹnìkan, aboyún ń rọbí, ìkòkò jó mọ́ná. Bí ó ti ń fetí gbọ́ ni ó ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń fi rédíò darí panápaná, áńbúláǹsì àti ọlọ́pàá ológun. Bí ìrànlọ́wọ́ bá ń bọ̀ láti ìlú, ó tún gbọ́dọ̀ ta àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì lólobó kí wọ́n lè ṣí ọ̀nà sílẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹni tó fi fóònù alágbèéká pe 911 láti inú bárékè lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn agbàpè ìlú tó wà nítòsí, àwọn ni yóò sì darí ìpè náà sí bárékè.

“Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́kọ́ béèrè ibi tí ènìyàn wà,” ni ó wí. “Bí ìpè bá já lẹ́yìn tí mo ti mọ ibi tí o wà, mo lè rán ènìyàn sí ọ. Bí mo bá mọ gbogbo ohun tó ń ṣe ọ́ tí n kò mọ ibi tí o wà, pàbó ni.”

Bí ọkàn ẹnìkan bá dá iṣẹ́ sílẹ̀, ó máa ń kọ́ ẹni tó pè bí yóò ṣe máa tẹ àárín àyà onítọ̀hún, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, yóò sì máa bá a kà á títí áńbúláǹsì yóò fi dé. Mo bi í léèrè ohun tó le jù nínú iṣẹ́ náà. Ó ní bí áńbúláǹsì bá ti dé, ìpè parí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni òun kì í gbọ́ bóyá ẹni náà yè tàbí ó kú, nítorí ìpè mìíràn ti ń dún.

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà fojú winá kí wọ́n tó gbọ́n sí i. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ọdún 2009, ẹnìkan yìnbọn pa ènìyàn 13 ní bárékè Fort Hood ní Texas. Lára ohun tí ìgbìmọ̀ tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò tẹnu mọ́ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2010 ni pé kí bárékè ní ẹ̀rọ tí yóò fi ibi tí olùpè wà han agbàpè, kí wọ́n sì ní ọ̀nà tí wọn yóò fi kéde ewu fún gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun kejì yìí gan-an ni a kò ní lálẹ́ ọjọ́ tí bárékè Ìkẹjà jó.

Nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ wa

Iná ni ó bí nọ́ńbà pàjáwìrì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1935, obìnrin márùn-ún jóná kú nínú ilé kan ní Wimpole Street ní Lọ́ńdọ̀nù. Aládùúgbò tó ń tẹ fóònù láti pe panápaná ń dúró kí wọ́n dá òun lóhùn. Ìbínú rẹ̀ wà lára ohun tó mú kí ìjọba dá 999 sílẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1937.

Ní Èkó lónìí, 112 àti 767 ni tiwa, ọ̀fẹ́ sì ni láti pè wọ́n. Bí ẹ bá wo bọ́tìnnì fóònù dáadáa, ẹ óò rí i pé 7, 6, 7 ni lẹ́tà S, O, S wà, igbe gbà-mí tí àwọn atukọ̀ ojú omi ń ké. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í panáná fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń pè é fi ṣeré ti jókòó sí ààyè ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ ń bọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí kò lè ṣàpèjúwe ilé ara rẹ̀ ti so agbàpè lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ orúkọ òpópónà yín, nọ́ńbà ilé yín, ibùdókọ̀ tó súnmọ́ yín, àti ohun kan tí àlejò kò lè ṣì mọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ kọ́kọ́ sọ ibi tí ẹ wà, kí ẹ tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ má pa fóònù títí wọn yóò fi ní kí ẹ pa á. Ẹ kọ́ àwọn àbúrò yín, ẹ má sì gbàgbé àwọn òbí yín.

Èmi ti lẹ bébà kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dán màmá mi wò lójijì nígbà tí ó ń ṣa ẹ̀wà. “Màmá, níbo lẹ wà?” Kò gbójú sókè. Ó dárúkọ òpópónà wa, ó dárúkọ afárá, ó ní ọwọ́ òsì, ó dárúkọ mọ́ṣáláṣí. Kò dárúkọ Màmá Ṣẹ̀gun rárá.