Béárìn Ẹ̀rọ Ẹ̀gẹ́ Ń Ké: Bí Ẹ Ṣe Lè Pààrọ̀ Rẹ̀ Fúnra Yín

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gbé ìlú ńlá ló ní ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń ṣe gàrí nílé. Bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ bá dákẹ́, orí fóònù yín ni ìpè máa dé: "Fi owó ránṣẹ́ o." Lọ́pọ̀ ìgbà, béárìn ló fà á. Béárìn kì í sábà kú lójijì, ó máa ń ké kó tó kú. Ẹni tó bá tètè gbọ́ á ra béárìn. Ẹni tó bá dijú sí i lè ra ṣáfútù mọ́ ọn.

Kí ni béárìn? Òrùka irin méjì ni, ọ̀kan nínú èkejì, pẹ̀lú àwọn ọta irin róbótó láàárín wọn. Òun ló ń jẹ́ kí ṣáfútù yí wẹ́rẹ́ láìjẹ́ pé irin ń ha irin. Méjì ló wà lára ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́, ọ̀kan lápá ọ̀tún róólà eléyín, ọ̀kan lápá òsì. Ọ̀tá wọn ni omi ẹ̀gẹ́: ó kan, ó sì máa ń jẹ irin. Tó bá ti wọlé, á ba gíríìsì jẹ́, irin á sì dógùn-ún.

Àmì mẹ́ta ni kí ẹ máa wò. Àkọ́kọ́ ni ariwo. Ẹ fi fóònù gba ohùn ẹ̀rọ sílẹ̀ nígbà tára rẹ̀ dá, kí ẹ lè fi wé tọjọ́ mìíràn. Èkejì ni ooru. Ẹ pa ẹ̀rọ, kó dúró pátápátá, kí ẹ wá fọwọ́ kan ilé béárìn. Bí ọwọ́ kò bá lè dúró níbẹ̀, wàhálà wà. Ẹ̀kẹta ni mímì. Ẹ yọ bẹ́líìtì, kí ẹ gbé ṣáfútù sókè sódò. Tó bá ń mì jọ̀gẹ̀jọ̀gẹ̀, béárìn ti jẹ.

Ká tó tú bóòtù kankan, ẹ jọ̀ọ́, eyín róólà yẹn kò mọ ẹni tó ni ẹ̀rọ. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Tó bá jẹ́ elépo pẹtiróòlù, ẹ fa wáyà púlọ́ọ̀gì yọ. Tó bá jẹ́ oníná, ẹ yọ ọ́ kúrò lójú iná. Ẹ yọ bẹ́líìtì, kó má sì padà síbẹ̀ títí iṣẹ́ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ẹ nu ara béárìn, kí ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà rẹ̀. Ká ní UCP 205 lẹ rí. Ẹ fi 5 sọ nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn di púpọ̀: 05 lọ́nà 5 jẹ́ 25. Mìlímítà 25 ni ṣáfútù yín nìyẹn. UCP 206 jẹ́ ti mìlímítà 30. Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà, ì báà jẹ́ Ládípọ̀ ní Mushin tàbí ṣọ́ọ̀bù àdúgbò. Méjèèjì ni kí ẹ rà, torí iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ṣe.

Ó yá, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò bí gbogbo rẹ̀ ṣe wà, kí ẹ sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ilé béárìn jókòó sí. Ẹ fi igi gbé róólà dúró kó má baà já lulẹ̀. Ẹ tú púlì, ẹ tú ìdè kéékèèké méjì tó wà lára òrùka inú, lẹ́yìn náà ẹ tú bóòtù ìsàlẹ̀, kí ẹ fa béárìn yọ. Bó bá lẹ̀, ẹ bu epo sí i, ẹ ní sùúrù. Ẹ má fi òòlù lu ẹnu ṣáfútù lásán. Ẹ fi igi sáàárín.

Ẹ fi sánpépà nu ṣáfútù. Bí béárìn tuntun bá ń mì lórí rẹ̀, ṣáfútù ti jẹ nìyẹn, ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ irin ló ń lọ.

Ẹ ti béárìn méjèèjì wọlé, ẹ fọwọ́ lásán yí bóòtù wọn. Ẹ yí róólà wò. Ó gbọ́dọ̀ yí wẹ́rẹ́. Ẹ wá fún bóòtù ìsàlẹ̀ dáadáa. Ìdè ara òrùka inú ló kẹ́yìn, torí tí ẹ bá kọ́kọ́ fún un, béárìn kan á máa ti èkejì, wọn ò sì ní pẹ́.

Ẹ dá púlì padà, ẹ na okùn kọjá lára púlì méjèèjì láti mọ̀ pé wọ́n tọ́, kí ẹ tó dá bẹ́líìtì padà. Tí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láàárín, kó wọlé díẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà 1. Bẹ́líìtì tó le jù ń pa béárìn bí omi ẹ̀gẹ́ ṣe ń pa á.

Ẹ dá ìbòrí padà, kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ lófìfo fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ pa á, kí ẹ tún fọwọ́ kàn án. Ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má ṣáà jóni. Ẹ fọ róólà dáadáa kí ẹ̀gẹ́ tó wọ̀ ọ́, torí gíríìsì àti èérún irin kò gbọ́dọ̀ bá gàrí dé ẹnu èèyàn.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ẹ̀rọ. Ó dìgbà kan ná.