Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ẹja Tuntun: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Táǹkì Àdádó

Nínú ilé àwọn baba wa, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a ti ń gba àlejò. A ó fún un ní omi mu, a ó bèèrè àlàáfíà ibi tí ó ti ń bọ̀, a ó sì jókòó tì í díẹ̀ kí a tó mú un wọ inú iyàrá. Kì í ṣe pé a kórìíra rẹ̀ ni a ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀. A ń tọ́jú rẹ̀, a sì ń ṣọ́ ilé pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí ó rí fún ẹja tuntun tí a fẹ́ fi kún àwọn tí ń bẹ nínú àpótí dígí. Ó yẹ kí ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tirẹ̀, èyí tí a ó máa pè ní táǹkì àdádó nínú àròkọ yìí.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, nítorí pé àkókò àjọ̀dún ni ẹ̀bùn máa ń wọlé sí ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó bá rí àpótí ẹja nínú yàrá ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì lè fi inú rere ra ẹja mẹ́ta sí i, kí ó sì dà wọ́n sínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀bùn rere ni, ṣùgbọ́n ó lè pa gbogbo ẹja tí àwọn ọmọ ti ń fi sùúrù tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Kí ni ẹja tuntun lè gbé wọlé? Ọ̀kan nínú àwọn àrùn tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni èyí tí ń fi àmì funfun sí ẹja lára. Kòkòrò tí ń fà á, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ichthyophthirius multifiliis, a máa wọ abẹ́ awọ ẹja, a máa jẹun níbẹ̀, ojú ibẹ̀ a sì yọ bí hóró iyọ̀. Bí ó bá dàgbà tán, a bọ́ sí ìsàlẹ̀ omi, a fi èèpo bo ara rẹ̀, a sì pín sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ. Àwọn ọmọ wọ̀nyí a lúwẹ̀ẹ́ jáde láti wá ẹja mìíràn. Bí wọn kò bá rí ọ̀kan láàrin nǹkan bí ọjọ́ 2, wọn a kú. Nínú omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, gbogbo ìyípo yìí kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Ẹ jẹ́ kí a di ohun méjì mú níhìn-ín. Èkíní, ẹja lè ní kòkòrò náà ní ẹ̀yà tí ó fi ń mí, kí a má sì rí àmì kankan lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí a rà á. Èkejì, oògùn kì í ran kòkòrò náà nígbà tí ó bá wà lábẹ́ awọ tàbí nínú èèpo. Ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ń lúwẹ̀ẹ́ kiri nìkan ni ọwọ́ oògùn lè tẹ̀ wọ́n. Nítorí náà, wíwò lójú lásán lọ́jà kò tó, lílo oògùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò sì tó. Àkókò ni a nílò.

Ọgbọ́n yìí ti wà tipẹ́. Nínú ìwé Lefitiku orí 13, bí àmì ara ènìyàn kò bá yé àlùfáà, kì í ṣe ìdájọ́ kánkán. Yóò sé ẹni náà mọ́ fún ọjọ́ 7, yóò yẹ̀ ẹ́ wò, bí ó bá sì tún yẹ, yóò fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un. Ní ọdún 1377, ìlú Ragusa, tí a ń pè ní Dubrovnik lónìí, ṣe òfin pé kí àwọn tí ó ti ibi tí àjàkálẹ̀ àrùn wà dé dúró lọ́tọ̀ fún ọjọ́ 30. Fún ẹja, ọ̀sẹ̀ 4 ni a gbà níyànjú. Bí àmì àrùn bá yọ láàrin àkókò náà, tàbí bí a bá fi ẹja mìíràn kún un, kí a tún ọjọ́ kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Táǹkì àdádó kò ní láti tóbi. Èyí tí ó gba lítà 40 sí 80 tó fún ẹja kéékèèké díẹ̀. Kí a má ṣe da iyanrìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí a lè rí ìdọ̀tí kí a sì fà á jáde. Kí a fi ègé páìpù oníke kan sínú rẹ̀, nítorí ẹja tí ẹ̀rù ń bà a máa wá ibi sá sí. Kí a sì dé e lórí, kí ó má baà fò jáde.

Asẹ́ omi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Ẹja a máa tú amóníà sínú omi, májèlé sì ni. Àwọn kòkòrò rere tí a kò lè fojú rí, tí ń gbé nínú fóòmù asẹ́, ni ó ń sọ ọ́ di ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, ṣùgbọ́n ó ń gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó pọ̀ tó. Nítorí náà, kí a ti fi fóòmù kan sínú àpótí ńlá ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú, kí a tó gbé e wá sí táǹkì àdádó. Bí iná mànàmáná bá ń ṣe ségesège, kí a ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí ń lo bátìrì nítòsí.

Lọ́jọ́ tí ẹja bá dé, kí a gbé ọ̀rá rẹ̀ lé ojú omi fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, kí ìgbóná omi méjèèjì lè dọ́gba. Kí a fi àwọ̀n kó ẹja náà, kí a sì da omi inú ọ̀rá nù. Lẹ́yìn èyí, kí oúnjẹ má ju ohun tí wọ́n lè jẹ tán láàrin ìṣẹ́jú 2 tàbí 3 lọ. Kí a pààrọ̀ ìdá mẹ́rin kan nínú omi ní ọjọ́ 2 tàbí 3 sí ara wọn. Bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ tí ó ní klorín, kí a kọ́kọ́ fi oògùn tí ń pa klorín sí i, nítorí klorín a máa pa ẹja àti àwọn kòkòrò rere náà. Kí a má ṣe lo oògùn àrùn láìrí ìdí. Òmíràn nínú wọn a máa ba asẹ́ jẹ́.

Kí táǹkì àdádó ní àwọ̀n tirẹ̀ àti korobá tirẹ̀. Àpótí ńlá ni kí a kọ́kọ́ tọ́jú lójoojúmọ́, kí a tó dé ọ̀dọ̀ àlejò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní egbò lọ́wọ́ má ṣe ki ọwọ́ bọ omi, nítorí àwọn àrùn ẹja kan lè ran ènìyàn; kí gbogbo wọn sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Omi tí a bá dà nù kò gbọdọ̀ dé odò. Nígbà tí ẹja bá jáde, kí a fọ ohun èlò gbogbo, kí a sì sá a títí yóò fi gbẹ pátápátá.

A kíyè sí i pé àwọn kan a máa fi ẹja tuntun sínú korobá ṣókùnkùn, wọn a sì gbàgbé rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àdádó, ìkọ̀sílẹ̀ ni. Ẹni tí a yà sọ́tọ̀ ni ó nílò ojú wa jù. Àlùfáà inú Lefitiku pàápàá gbọ́dọ̀ padà wá ní ọjọ́ keje.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí ẹ bá fẹ́ fi ẹja ta ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ́rẹ, ẹ fi táǹkì kékeré kan, asẹ́ kan àti àwọ̀n kan tì í. Ẹja yóò yè, àwọn ọmọ wa yóò sì kọ́ bí a ti ń gba àlejò tọkàntọkàn láìfi ilé sílẹ̀ láìṣọ́. Kí Olúwa bùkún ilé-ẹ̀kọ́ wa.