Ìwọ̀n àti Ìwúwo: Ọ̀rọ̀ kan nínú Ìṣirò Onípele Gíga

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìkọ̀lé-Èkìtì tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà lè ṣe bẹ́ẹ̀ láì kúrò nílé, nítorí pé ọgbà tí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọyẹ́-Èkìtì, tí a dá sílẹ̀ ní 2011, ní sí Ìkọ̀lé ni a ti ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé ibẹ̀, yóò kọ́kọ́ pàdé ẹ̀kọ́ nípa ipá àti ìrìn ohun nínú ìṣirò onípele gíga ti WAEC. Kò sì lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀: ìpín kejì ìwé ìdánwò kejì pín sí ọ̀nà mẹ́ta, ó sì di dandan kí ó dáhùn ó kéré tán ìbéèrè kan nínú èyí tí ó jẹ mọ́ fẹ́kítọ̀ àti ipá.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Obìnrin kan gbé àpò iṣu tí ó jẹ́ kílò 20 sókè ní mítà 1.5. Iṣẹ́ mélòó ni ó ṣe? Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ 20 × 10 × 1.5, ṣùgbọ́n ó ṣèèṣì parí rẹ̀ sí 30 dípò 300. Èkejì kọ 20 × 1.5, òun náà sì rí 30. Ìdáhùn kan náà, àṣìṣe ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni èkíní yóò gba máàkì ọ̀nà, yóò sì pàdánù máàkì ìdáhùn. Ẹni kejì kò ní rí ọ̀kankan gbà, nítorí pé ó fi kílò ṣe ipá.

N kò dá ẹni kejì lẹ́bi pátápátá. Lọ́jà, kílò gan-an ni a ń pè ní ìwúwo. Àbá mi ni pé kí a fi ìwọ̀n sílẹ̀ fún kílò, kí ìwúwo sì jẹ́ ipá tí ilẹ̀ fi ń fa ohun, èyí tí a ń fi Newton kà.

Iṣẹ́ ni ó ṣòro jù. Bí obìnrin yìí bá ru iṣu náà lọ sọ́jà lójú ọ̀nà tí ó tẹ́jú, ipá tí ó fi gbé e ró kò ṣe iṣẹ́ kankan lójú ìṣirò. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ ọ́ fún un lójú ọ̀nà!) Síbẹ̀, n kò rí ọ̀rọ̀ tí ó sàn jù, kí olùkọ́ ṣáà ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà kí ó tó fọwọ́ kan ìṣirò.

Ní ti gíréèdì, láti A1 dé F9, kí a má ṣe pè é ní ipò: ipò ni ti ẹni tí ó ṣe ìkíní nínú kíláàsì. Gbogbo ẹni tí máàkì rẹ̀ bá tó ni ó lè gba A1.