Ẹ Gbé Ẹsẹ̀ Màlúù Wò Kí Ẹ Tó Béèrè Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú màlúù wàrà ní Dublin, Kildare àti Meath

Ìdí tí a fi kọ ọ́

Léraléra ni wọ́n ń gbé ìgò ẹ̀jẹ̀ wá sí káńtà ilé àyẹ̀wò wa, pé kí a fi mọ àrùn tó wà ní pátákò màlúù. Àwọn mìíràn ti sanwó fún ẹni tó ní òun lè fi ẹ̀jẹ̀ mọ ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sanwó fún un.

Ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń sọ

Bí ibì kan bá wú lára màlúù, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á máa tú purotéènì kan tó ń jẹ́ haptoglobin sínú ẹ̀jẹ̀. Lára ẹran tí ara rẹ̀ le, ó kéré débi pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì tí ara bá wú, á ga gan-an. Purotéènì mìíràn tó ń jẹ́ serum amyloid A náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì sábà máa ń ṣáájú rẹ̀.

Ohun tí ẹ̀jẹ̀ kò lè sọ

Ẹ ka apá yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Haptoglobin kì í sọ ibi tí àrùn wà. Ọmú tó wú ń gbé e sókè. Ilé ọmọ tó kó àrùn lẹ́yìn ìbímọ ń gbé e sókè. Pátákò náà lè gbé e sókè. Bí ó bá ga, ohun tí a mọ̀ kò ju pé nǹkan ń ṣe màlúù lọ.

Bí kò bá ga ńkọ́? Ẹ má tìtorí ìyẹn fi màlúù tó ń tiro sílẹ̀. Egbò kékeré lábẹ́ pátákò lè máa dùn ún gidigidi, kí ẹ̀jẹ̀ má sì fi hàn.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà fún TB kò kan pátákò rárá. Ẹ má fi èsì rẹ̀ wá.

Ohun tí ẹ óò ṣe

1. Ẹ wo ìrìn rẹ̀, kí ẹ fún un ní máàkì láti 0 dé 3. Èyí tó gba 0 ń rìn dáadáa. Èyí tó gba 2 ń tiro. Èyí tó gba 3 ń tiro burúkú.
2. Bí ó bá gba 2 tàbí 3, ẹ má jẹ́ kó ju ọjọ́ méjì lọ. Ẹ há a mọ́ inú férémù irin, ẹ gbé ẹsẹ̀ náà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ wò ó: ṣé òkúta ti há sí ẹ̀gbẹ́ pátákò, àbí egbò wà ní àtẹ́lẹsẹ̀, àbí ojú pupa tó ń rùn wà lẹ́yìn gìgísẹ̀?
3. Ẹ pe dókítà ẹran yín. Òun ni yóò sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ wúlò, òun ni yóò gbà á, òun ni yóò sì kọ ìwé tó máa bá a lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ìgò tí kò ní ìwé dókítà, a kò ní gbà á.

Ẹ má gbé èyí wá rárá

Bí màlúù bá ń tiro, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ẹnu tàbí ẹsẹ̀ sì léròrò, ó lè jẹ́ àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu, tó wọ Louth ní March 2001. Ẹ má gbé ẹran kankan jáde nínú oko. Ẹ pe dókítà ẹran tàbí ọ́fíìsì dókítà ẹran ìjọba tó sún mọ́ yín lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì dúró dè wọ́n níbẹ̀.