Pátákó Màmá Akápò àti Ojú Irin Ṣógúnlé: Ta Ló Ń Ka Owó Tí A Yá Kọ́ Ìlú?

Ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, kí oòrùn tó mú, àwọn ará àdúgbò wa ní Ṣógúnlé máa ń pé jọ síwájú ilé alága ẹgbẹ́ àdúgbò. Pátákó dúdú kan wà lára ògiri ilé náà. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ síbẹ̀: iye tí a dá, iye tí a ná, àti iye tó kù. Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akápò ní ìjọba ìbílẹ̀ ló ń bójú tó o. Màmá Akápò ni gbogbo wa ń pè wọ́n.

Pátákó yìí ní ìtàn. Kí Màmá tó gba ìwé owó, a ti dáwó gọ́tà nígbà kan rí. Owó wọlé, a kò rí gọ́tà. N kò lè sọ pé ẹni tí owó náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ jalè. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí a béèrè, kò rí ìwé kankan fi hàn wá. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di ìbínú, ọ̀pọ̀ onílé sì búra pé àwọn kò ní í dá kọ́bọ̀ mọ́. Odindi ọdún méjì ni àgbàrá fi ń wọ yàrá àwa tí a ń gbé ìsàlẹ̀ àdúgbò. Mo rántí òru kan tí èmi àti àbúrò mi kó ìwé wa lé orí àpótí, tí a sì wà lórí ìdúró títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nígbà tí Màmá gba ìwé, wọn kò kọ́kọ́ béèrè owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwọ̀nba tó kù lápò ni wọ́n kọ sára pátákó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó nǹkan. Oṣù kejì, wọ́n tún kọ ọ́. Nígbà tó di oṣù kẹta, àwọn tó ti bínú bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó padà. Ọmọ àdúgbò kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí a ya àwòrán pátákó náà pẹ̀lú àwọn rìsíìtì ránṣẹ́ sí òun lórí WhatsApp. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí owó sìmẹ́ńtì fi dé. Gọ́tà náà wà níbẹ̀ lónìí.

Mo bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kan pé, "Màmá, kí ló dé tí ẹ kò kọ́kọ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dáwó?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ẹni tí owó rẹ̀ ti sọnù lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀bẹ̀ wo lo fẹ́ bẹ̀ ẹ́? Owó tí kò ní ìwé, owó ìjà ni. Jẹ́ kó rí ìwé ná."

Kì í ṣe ẹnjiníà nìkan ló ń kọ́ ìlú

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ohun tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa kò yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Bí a bá gbọ́ pé Báǹkì Àgbáyé tàbí ìjọba ilẹ̀ òkèèrè fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, àwọn tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ẹnjiníà tó dé akoto, dókítà tó gbé abẹ́rẹ́ dání, àti gómìnà tó ń gé rìbọ́ọ̀nù. A kì í sábà rántí àwọn tó jókòó ti ìwé: àwọn tó ń ṣe ètò ìṣúná, àwọn tó ń dúnàádúrà lórí èlé, àwọn tó ń ṣọ́ àpò ìjọba, àti àwọn ayẹ̀wé-owó-wò tó ń béèrè rìsíìtì lẹ́yìn tí ijó àti ìlù bá ti parí. Bẹ́ẹ̀ ni, ọwọ́ wọn ló kù sí bóyá owó tó ti òkèèrè wá yóò di afárá tàbí yóò di gbèsè lásán.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ẹ dúró sí Ṣógúnlé, kí ẹ kọjú sí Ọ̀nà Mọ́tò Agége. Ojú irin tuntun tó lọ láti Èkó sí Ìbàdàn gba ibẹ̀ kọjá. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 157, oṣù Kẹfà ọdún 2021 sì ni ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, ṣí i. Ọ̀nà ojú irin yìí kan náà ni reluwé Red Line ti Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ń gbà láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024, èyí tó ń dúró ní Òṣòdì àti ní Ìkẹjà. Àwọn aládùúgbò mi ń wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́. Èmi náà ti wọ̀ ọ́, ó sì tù mí lára ju kí n há sínú dánfó láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Ṣùgbọ́n owó yíyá wà nídìí ojú irin náà. Lọ́dún 2017, Nàìjíríà tọwọ́ bọ̀wé láti yá bílíọ̀nù 1.267 dọ́là lọ́wọ́ báǹkì ìjọba ilẹ̀ Ṣáínà tí wọ́n ń pè ní China Exim Bank. Èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ogún ọdún ni wọ́n fún wa láti san án, tí a kò sì ní í fọwọ́ kan owó gan-an tí a yá ní ọdún méje àkọ́kọ́. Ọmọ tí wọ́n bí ní Ṣógúnlé lọ́dún tí a tọwọ́ bọ ìwé náà yóò pé ọmọ ogún ọdún lọ́dún 2037, kí a tó san án tán.

Ìwọ̀fà àti èlé

Àwọn baba ńlá wa mọ ohun tí èlé ń jẹ́ dáadáa. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà bá ṣe lóko olówó, èlé ni. Kò dín gbèsè kù rárá. Ọjọ́ tí ẹbí bá san owó tí wọ́n yá pé pérépéré ni ìwọ̀fà tó lè padà sílé. Nítorí náà, kí ẹbí tó jẹ́jẹ̀ẹ́ owó, àgbà tó mọ ìṣirò gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀, nítorí ẹni tí kò sí níjókòó lọ́jọ́ náà, ìyẹn ọmọ, ni yóò lọ sóko.

Àwọn onímọ̀ ètò owó ìjọba ni àgbà tó gbọ́dọ̀ jókòó fún wa lónìí. Ẹ jẹ́ kí a fi nọ́ḿbà wò ó. Lọ́dún 2017 kan náà, Nàìjíríà ta ìwé ẹ̀yáwó Eurobond lọ́jà àgbáyé ní èlé ìdá 7.875 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá yá bílíọ̀nù kan dọ́là ní èlé ìdá 2.5, mílíọ̀nù 25 dọ́là ni èlé ọdún kan. Bí ó bá jẹ́ ìdá 7.875 ni, ó di mílíọ̀nù 78.75. Ó lé ní mílíọ̀nù 53 dọ́là tó wà láàárín méjèèjì, lọ́dún kan ṣoṣo. Ẹ wo iye gọ́tà, iye kíláàsì àti iye ilé ìwòsàn tó lè ti inú ìyàtọ̀ yẹn jáde.

Èlé kékeré kì í sì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀. Iléeṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà, CCECC, ló gba iṣẹ́ ojú irin náà, nítorí ẹni tó yáni lówó a máa fẹ́ kí iṣẹ́ wá sọ́wọ́ ará ilé rẹ̀. Bákan náà, náírà ni èrò ọkọ̀ fi ń san owó reluwé, dọ́là ni a ó fi san gbèsè. Lọ́dún 2017, ní iye tí ìjọba ń pààrọ̀ rẹ̀, nǹkan bíi náírà 305 ni dọ́là kan. Nígbà tí ọdún 2024 ń parí, ó ti lé ní 1,500. A kò yá kọ́bọ̀ kún un, síbẹ̀ dọ́là kọ̀ọ̀kan nínú gbèsè náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìlọ́po márùn-ún náírà lọ́wọ́ wa. Iṣẹ́ onímọ̀ ètò owó ni láti bi ara rẹ̀ ní irú ìbéèrè wọ̀nyí kí a tó tọwọ́ bọ̀wé. Bí kò bá béèrè, tàbí bí ó bá béèrè tí àwọn aláṣẹ kò fetí sí i, àwa èrò ọkọ̀ ni a ó san án.

Ọdún tí ìwé gbà wá sílẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ẹgbẹ̀je. Nàìjíríà ti bẹ́ irú igi bẹ́ẹ̀ dínà rí. Láti àwọn ọdún 1980 ni gbèsè tí a jẹ ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè ayánilówó tí wọ́n ń pè ní Paris Club ti ń wú, nítorí èlé tí a kò san àti owó ìtanràn tó ń gorí rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé àkọsílẹ̀ gbèsè náà fọ́n káàkiri oríṣiríṣi ọ́fíìsì, ìṣirò ọ̀kan kì í sì í bá ti èkejì mu. Ta ló fẹ́ dúnàádúrà lórí gbèsè tí kò mọ iye rẹ̀?

Lọ́dún 2000, ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ láti máa mójú tó gbogbo gbèsè orílẹ̀-èdè lójú kan. DMO ni a mọ ọ́ sí. Nígbà tí Ngozi Okonjo-Iweala, tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Báǹkì Àgbáyé, di mínísítà fún ètò ìṣúná lọ́dún 2003, tí Mansur Muhtar sì ń darí DMO, iṣẹ́ ìwé bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Lọ́dún 2004, ilé iṣẹ́ ìjọba náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iye tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbà lóṣooṣù jáde nínú ìwé ìròyìn. Mo máa ń rántí pátákó Màmá Akápò bí mo bá ronú kan èyí. Iṣẹ́ kan náà ni.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2005, Paris Club gbà. Nínú nǹkan bíi bílíọ̀nù 30 dọ́là tí a jẹ, wọ́n fagi lé bílíọ̀nù 18. Nàìjíríà san nǹkan bíi bílíọ̀nù 12, ọ̀rọ̀ náà sì parí ní oṣù Kẹrin ọdún 2006. Ẹ̀bẹ̀ wà níbẹ̀, òṣèlú náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n láìsí ìwé tó mọ́, kò sẹ́ni tí ì bá gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà. Lọ́dún 2021, Okonjo-Iweala di olórí Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, obìnrin àkọ́kọ́ àti ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìtàn ti parí síbẹ̀. Nígbà tí ọdún 2023 fi ń parí, gbèsè tí a jẹ òkèèrè ti tún lé ní bílíọ̀nù 40 dọ́là. Ìwé mímọ́ ló ń gbani lọ́wọ́ gbèsè àná. Kò lè dá gbèsè ọ̀la dúró bí kò bá sí ẹni tó ń kà á.

"Ẹ jẹ́ kí a rí ìwé ná"

Àwọn ayánilówó pàápàá ti kọ́ ọgbọ́n Màmá. Lọ́dún 2018, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 750 dọ́là fún ètò kan tí wọ́n pè ní SFTAS, lọ́dún 2020 sì ni wọ́n fi mílíọ̀nù 750 mìíràn kún un. Wọn kò ṣe bí àtijọ́, kí wọ́n gbé owó kalẹ̀ kí wọ́n tó máa wo ohun tí a fi ṣe. Ìpínlẹ̀ tó bá gbé ètò ìṣúná rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lásìkò, tó jẹ́ kí àwọn ayẹ̀wé-owó-wò yẹ ìwé rẹ̀ wò, tó sì fi èsì rẹ̀ síta, òun ló gba owó nígbà náà. Ọ́fíìsì Ayẹ̀wé-owó-wò Àgbà ti Ìjọba Àpapọ̀ ni wọ́n fi ṣe alárinà láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ohun tó sọ pé òun ṣe. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ìwé owó àwọn ìpínlẹ̀ kan, tí ẹnikẹ́ni kò rí sójú rí, ṣe wá di ohun tí ọmọ iléèwé lè ṣí lórí fóònù.

Kí ló kàn wá nínú ilé?

Èkíní, ẹ jẹ́ kí a yí ojú tí a fi ń wo iṣẹ́ yìí padà. Bí ọmọ bá ní òun fẹ́ ṣe dókítà, inú òbí a dùn. Bí ó bá ní òun fẹ́ máa yẹ ìwé owó ìjọba wò, wọn a ní ṣé báǹkì kò gbà á ni. Ọmọ Èkó ni Akintola Williams, tó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí oníṣirò owó àgbà lọ́dún 1949, tó sì jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó, ICAN, lọ́dún 1965. Ẹni ọdún 104 ni nígbà tó dágbére fáyé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Irú wọn ni ìlú nílò sí i.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí a máa ka ìwé náà. DMO ń gbé àkọsílẹ̀ gbèsè jáde lórí ìkànnì rẹ̀. Ètò ìṣúná ìpínlẹ̀ wà níbẹ̀ bákan náà. Ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo tó wà ládùúgbò yín, ẹ wá a nínú ìwé, kí ẹ sì lọ fojú ara yín wò ó bóyá ó wà nílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, láti ilé ni a ti ń kọ́ èyí. Tọkọtaya tó ń jókòó lóṣooṣù láti kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde, àti ẹgbẹ́ alájọ tí ìwé wọn ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ti mú iṣẹ́ mínísítà ìṣúná jẹ ní ìwọ̀n tiwọn.

Ní ìpàdé tó kọjá, ojú ń dun Màmá Akápò, wọ́n sì na ṣọ́ọ̀kì sí mi. Mo kọ iye tí a dá àti iye tí a ná. Nígbà tí mo dé orí iye tó kù, mo ṣì í rò, ọmọ iléèwé kan láàárín èrò sì pariwo pé kò pé. Ojú tì mí díẹ̀. Mo nù ún kúrò, mo tún un rò lójú gbogbo ènìyàn, ó pé. Màmá mi orí. Reluwé ń kọjá lọ sí Òṣòdì nígbà náà, a sì dúró kí ariwo rẹ̀ kọjá kí a tó máa bá ìpàdé lọ.