Pẹpẹ tí a ń gbé Giramafóònù lé

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ohun tí gángan ń wí nínú Juju Music, àwo tí King Sunny Ade, ọmọ ìdílé ọba Oǹdó, gbé jáde ní 1982, kí ó kọ́kọ́ wo ohun tí ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lé. Ipa tóóró ara àwo ni ó ń mi abẹ́rẹ́, tí mímì náà fi ń di ohùn. Bí pẹpẹ bá mì pẹ̀lú, abẹ́rẹ́ a kà á mọ́ orin. Bí sípíkà bá sì wà lórí pẹpẹ kan náà, ohùn rẹ̀ a padà sára abẹ́rẹ́, a sì máa kùn hùùn. Ìró tí ó rẹlẹ̀ ni èyí ń bò mọ́lẹ̀ jù. Ta ni yóò wá mọ ‘ọkọ’ yàtọ̀ sí ‘ọkọ̀’ lẹ́nu ìlù?

Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ ní Àkúrẹ́, gba pẹpẹ onígi tí ó wúwo, tí kò ga. Ní pẹtẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí a fi pákó tẹ́, ara ògiri ni kí ẹ kàn án mọ́, nítorí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ. Ẹ gbé abọ́ omi pẹlẹbẹ lé e. Bí omi bá fì sí apá kan, ẹ fi nǹkan ti ẹsẹ̀ rẹ̀. Tẹlifóònù alágbèéká kò ní abẹ́rẹ́, kò sì bèèrè irú wàhálà yìí.